Ìbọn Mosin 91/30 mi ń tú ọta ká tó 15 cm ní 100 mítà, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?

Ojú_Àmì:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Mosin-Nagant 91/30 kan, ìbọn ológun àtijọ́ ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, èyí tí wọ́n ṣe ní Izhevsk lọ́dún 1942. Igi ẹ̀ ti họ káàkiri ṣùgbọ́n bóòtù ẹ̀ (irin tí wọ́n ń fà kí ọta lè wọnú ọ̀pá) ń lọ geere, nọ́ńbà ara bóòtù bá ti ara ọ̀pá mu, ẹni tó máa ń tún ìbọn ṣe sì ti bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò léwu láti yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e lọ sí pápá báyìí. Mo gbé e lé àpò iyanrìn, mo jókòó dáadáa, mo rọra ń fa tírígà, ọta márùn-ún márùn-ún ni mo ń yìn ní 100 mítà, síbẹ̀ gúrúùpù (bí ihò ọta ṣe fẹ̀ síra lórí bébà) tó dáa jù nínú gbogbo ẹ̀ fẹ̀ tó 15 cm. Wọ́n tún ń lọ sókè, bíi 20 cm sókè ibi tí mo fojú sùn, ó sì ń ya òsì díẹ̀. Ọta ológun àtijọ́ tó máa ń wà nínú agolo ni mo ń lò.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ibi gbogbo tí mo bá ti kà nípa ìbọn yìí, ẹnìkan á ní Mosin tòun ń kó ọta mẹ́ta sínú ihò kan ṣoṣo, tí owó ẹyọ lè bò ó. Ṣé ìbọn mi ló ti bàjẹ́ ni àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n yìn? Mo fẹ́ fi lọ sí ìdíje àwọn ìbọn ológun àtijọ́, mi ò sì fẹ́ máa náwó sórí ohun tí ò lè dáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kí n máa retí gan-an?

Baba_Kátíríìjì:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. MOA tá a fi ń wọn bí ọta ṣe fẹ̀ síra, ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì kan ni, ọ̀kan ní 100 mítà, 2.9 cm ni, torí náà 15 cm tìẹ, bíi MOA márùn-ún nìyẹn, tó bá sì jẹ́ ọta inú agolo lo fi yìn ín, kò yà mí lẹ́nu rárá. Àwọn tó ṣe ìbọn yìí ò ro bébà, ohun tí wọ́n rò ni pé kí sójà tó ti rẹ̀, tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ṣì lè fi bá èèyàn bíi tiẹ̀ lókèèrè, kò sì dìgbà tó bá gún ihò kan kó tó lè ṣe ìyẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé ìbọn bóòtù àṣẹ́kù ológun tí inú ọ̀pá ẹ̀ ṣì dáa, pẹ̀lú sáìtì irin ara ẹ̀ (ohun tá a fi ń fojú sùn) àti ọta tó mọ́yán lórí, MOA méjì sí mẹ́rin ni kó o retí. Èyí tó bá wọ abẹ́ méjì, mú un dání kó o má tà á. Èyí tó bá wọ márùn-ún tàbí tó kọjá ẹ̀, nǹkan kan ló ń ṣe é, nǹkan ọ̀hún sì sábà máa ń jẹ́ ohun téèyàn lè wá rí.

Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ ihò kan yẹn, mi ò pè wọ́n lópùrọ́, àmọ́ ọta mẹ́ta ni wọ́n yìn, wọ́n sì mú èyí tó dáa jù nínú ogún bébà wá fi hàn ẹ́. Ìbọn tó bá ń fún ẹ ní 5 cm pẹ̀lú ọta mẹ́ta, tó o bá yin mẹ́wàá sórí bébà kan, á sún mọ́ 8 cm, bẹ́ẹ̀ ìbọn ò yí padà o, ọta tó pọ̀ sí i ló jẹ́ kó o rí gbogbo ibi tó lè dé. Mẹ́wàá ni kó o máa yìn tó o bá fẹ́ mọ òótọ́, kó o sì jẹ́ kí ọ̀pá máa tutù láàárín, torí ọ̀pá yìí tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá ti gbóná ńṣe ni ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kúrò níbi tó ń bà tẹ́lẹ̀.

Kọ́kọ́ pààrọ̀ ọta. Ra àpótí kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, kó o tó dá ìbọn náà lẹ́jọ́. Tó o bá ṣì máa ń yin ti agolo, omi gbígbóná ni kó o fi fọ inú ọ̀pá lẹ́yìn ẹ̀, kó o nù ún gbẹ, kó o wá fi òróró pa á. Ohun tó ń tanná ran ẹ̀tù nínú ọta àtijọ́ yẹn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀, òróró ò sì lè tú iyọ̀, omi ló ń tú u. Jẹ́ kó sùn mọ́jú báyẹn lẹ́ẹ̀mejì péré, wàá rí ìpẹtà.

IgiÀtiIrin:
Ọ̀rọ̀ Baba lórí ọta, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ṣó o ti wo ẹnu ìbọn náà? Mosin tí mo kọ́kọ́ ní, oríṣi ọta mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rà fún un, kò gbọ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á dànù, àfìgbà tí mo yọ bóòtù kúrò tí mo rí i pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ẹ̀, mo rí i pé etí ibi tí ọta ń gbà jáde ti jẹ lápá kan. Ibẹ̀ ni ìbọn ti fọwọ́ kan ọta kẹ́yìn. Tí etí yẹn ò bá dọ́gba, agbára tó ń ti ọta bọ̀ láti ẹ̀yìn á ráyè sá gba ibi tó jẹ jáde ṣáájú ibòmíì, á gbá ìdí ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọta á sì máa fì bó ṣe ń lọ. Ọ̀pá ìfọbọn tí àwọn sójà ń tì bọ ẹnu ló fà á, irin ń ha irin fún ọdún gbọọrọ.

Tó o bá wá rí i pé ẹnu tìẹ fẹ̀ fún bíi 1 tàbí 2 cm kó o tó kan ibi tí ilà inú ọ̀pá tó ń mú ọta yí ti bẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rù ìyẹn. Àtúnṣe ni. Níbi tí ìjọba ti ń tún wọn ṣe ni wọ́n ti lu ibi tó jẹ yẹn wọnú títí wọ́n fi kan ibi tí ilà ṣì mú. Irú ẹ̀ máa ń yìn dáadáa.

Èkejì, wọn inú ọ̀pá náà. Wá òjé rírọ̀ tó tóbi ju ihò ẹ̀ lọ díẹ̀, fi òróró pa á, rọra fi igi tì í já sódì kejì, kó o wá fi máíkírómítà wọn ibi tó fẹ̀ jù lára ẹ̀. Àwọn Mosin ilẹ̀ Rọ́ṣíà ò dọ́gba, wàá rí èyí tó jẹ́ 0.310 íǹṣì, wàá rí èyí tó kọjá 0.314. Àwọn kan tó ń kì ọta fúnra wọn máa ń fi orí ọta 0.308 íǹṣì tó jẹ́ ti ọta .30-06 ilẹ̀ Amẹ́ríkà sí i torí pé ó wọ́pọ̀, wọ́n á wá máa bú ìbọn, bẹ́ẹ̀ ọta yẹn kàn ń yọ̀ kọjá nínú ọ̀pá ni, ilà ò rí i dì mú.

Ẹ̀kẹta ni igi. Igi máa ń wú, ó máa ń súnkì, ó wá lè máa ti ọ̀pá lápá kan lónìí kó má tì í lọ́la. Àwọn ará Finland mọ èyí dáadáa, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni wọ́n máa ń ki sábẹ́ ìbọn kó lè jókòó pa, wọ́n sì ń fi ọ̀pá tuntun tí wọ́n ṣe dáadáa sára àwọn Mosin àtijọ́, ìbọn M39 tiwọn tí àwọn tó ń fi ìbọn du ìdíje ń wá lójú méjèèjì, ara Mosin àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé Mosin fúnra ẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, ọ̀pá àti bó ṣe jókòó sínú igi ni.

Ìyá_Pápá:
Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ọ̀kan náà ni gbogbo àṣẹ́kù. Méjì sí mẹ́rin tí Baba dá yẹn dáa fún ìbọn ogun, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rógun. K31 ti Switzerland tí mò ń yìn, kì í ṣe bóòtù yíyí, fífà gbọọrọ sẹ́yìn ni, pẹ̀lú ọta GP11 tí wọ́n ṣe fún un, MOA kan ààbọ̀ sí méjì ló máa ń fún mi, tí ojú mi bá jí dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Kò yani lẹ́nu, torí ilẹ̀ tí àwọn sójà ti ń yìnbọn sí àmì ní 300 mítà lọ́dọọdún ni, wọn ò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọta ṣíṣe. Mauser m/96 ti Sweden náà rèé, ọta 6.5x55 ló ń yìn, òun kì í tani lẹ́jìká, ó sì ní idẹ pẹlẹbẹ róbótó kan lára ìdí ẹ̀ tí wọ́n fi ń sàmì bí inú ọ̀pá ṣe rí. Mi ò tíì rí ìbọn àtijọ́ míì tó ń jẹ́wọ́ ara ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á báyẹn. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé 300 mítà ni sáìtì ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá yìn ín ní 100 ó máa ga.

Lee-Enfield No. 4 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tiẹ̀ máa ń dán sùúrù ẹni wò. Iwájú igi ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ti ọ̀pá sókè díẹ̀, tí igi bá ti gbẹ jù tí kò tì í mọ́, gúrúùpù á tú. Ọkọ mi ní ọ̀kan tí ilà inú ẹ̀ kò ju méjì lọ, irú èyí tí wọ́n ṣe nígbà ogun, gbogbo èèyàn ní kò ní dáa, ó sì ń lu tèmi tó ní ilà márùn-ún. Ológun pàápàá mọ̀ pé wọn ò dọ́gba, torí nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe No. 4 (T) fún àwọn tó ń yìnbọn láti ibi ìfarapamọ́, àwọn tó bá yìn dáadáa jù ni wọ́n ṣà jọ, wọ́n kó wọn lọ fún Holland & Holland tó ń ṣe ìbọn kí wọ́n fi awò sí i. Ẹ rò ó wò, ilé iṣẹ́ kan náà, irin kan náà, wọ́n ṣì ní láti ṣà á. Torí náà Ojú_Àmì, ó lè jẹ́ pé tìẹ ò sí nínú èyí tí wọn ì bá ṣà, kò wá sọ ọ́ di ìbọn burúkú.

Ojú rẹ náà ńkọ́? Sáìtì iwájú ni kó o tẹjú mọ́ o, kì í ṣe àmì. Jẹ́ kí àmì ṣe bàìbàì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù MOA kan gbáko nìyẹn.

Ojú_Àmì:
Ẹ ṣeun gan-an, Baba, ẹ̀gbọ́n mi IgiÀtiIrin, àti Ìyá wa. Mo ti padà lọ. Ọta tuntun ni mo lò, mo wẹ bàbà tó ti lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá kúrò, ó gbà mí nírọ̀lẹ́ méjì gbáko kí aṣọ tí mo fi ń nù ún tó yéé jáde ní àwọ̀ búlúù. Òjé náà fún mi ní 0.312. Ẹnu ẹ̀ ò jẹ. Mo wá yin mẹ́wàá, mo ń dúró kí ọ̀pá tutù lẹ́yìn mẹ́ta mẹ́ta, mo tẹjú mọ́ sáìtì bí Ìyá ṣe wí, ó fún mi ní 9 cm! Ọta mẹ́wàá ni o! Mo ká bébà náà wálé.

Ṣùgbọ́n ó ṣì ga, ó sì ṣì ń ya òsì.

Baba_Kátíríìjì:
9 cm, MOA mẹ́ta ló fi díẹ̀ kọjá, pẹ̀lú ọta mẹ́wàá. O káre. Fi wé àmì 300 mítà tí wọ́n ń lò nínú ìdíje àgbáyé, ibi tí máàkì mẹ́wàá wà fẹ̀ tó 10 cm, ti mẹ́jọ fẹ̀ tó 30 cm. Tìẹ á máa fẹ̀ tó bíi 27 cm níbẹ̀, ìyẹn ni pé tó o bá tún sáìtì ṣe dáadáa, inú mẹ́jọ ni gbogbo ẹ̀ máa wà, ọ̀pọ̀ á sì wọ mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá.

Ti gíga yẹn, àwọn ará Rọ́ṣíà ò tún sáìtì 91/30 ṣe láìfi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn sí i. Ọ̀bẹ yẹn ló wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dán an wò, tó o bá yọ ọ́ kúrò, ibi tí ọta ń bà á yí padà. Ti òsì, sáìtì iwájú ni kó o máa sún, ibi tí ọta ń yà sí náà ni kó o sún un sí, òsì ni tìẹ. Díẹ̀díẹ̀, má fi òòlù gbá a. Ti òkè, sáìtì iwájú ló kúrú jù, àwọn kan máa ń bó rọ́bà tín-ín-rín lára wáyà iná, wọ́n á fi wọ òpó sáìtì náà kó lè ga, wọ́n á wá máa gé e kù díẹ̀díẹ̀ títí ọta á fi bà síbi tí wọ́n ń wò.

Ìyá_Pápá:
Kó o tó wọ rọ́bà yẹn sí i, ka òfin ìdíje tó o fẹ́ lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìdíje ìbọn àtijọ́ ló ní kó wà bí ológun ṣe lò ó, mo ti rí ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí nǹkan tí kò tó bẹ́ẹ̀. Tí wọn ò bá gbà á, fi rọ́bà náà dánra wò títí wàá fi mọ bó ṣe yẹ kó ga tó, kó o wá ní kí ẹni tó ń tún ìbọn ṣe bá ẹ fi òpó irin tó ga tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò ẹ̀, tí òfin bá fàyè gba ìyẹn, tí kò bá sì gbà á, ìsàlẹ̀ ibi dúdú ni kó o máa fojú sùn, kó o wọn bó ṣe ga tó ní 100 mítà, kó o kọ ọ́ sínú ìwé.