Mítà iná mẹ́fà kọ̀, wọn ò dá kọ̀ǹpútà mi lóhùn

Oníná Òṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mi ò ti rí oorun sùn nítorí iṣẹ́ kan. Onílé kan ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà, ó gbé sólà sórí òrùlé, ó wá ní kí n fi mítà sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan kí oníkálukú lè san iye tó lò. SDM120 ni mo rà, èyí tó ní ojú Modbus, ìyẹn èdè tí mítà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ní ìparí oṣù, èmi náà ni mò ń gun àkàbà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láti kọ nọ́ńbà sínú ìwé, ìyá tó ń ta ẹja yìnyín á sì ní mo bu lé tòun. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kà á fúnra rẹ̀.

Mo ra kọ̀nfátà RS485 tí wọ́n ń kì bọ ojú USB, òun ló ń so wáyà mítà mọ́ kọ̀ǹpútà, mo fa wáyà A àti B dé ìdí mítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo sì ń lo mbpoll, ètò tó ń bi mítà ní ìbéèrè, lórí Linux. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ ṣáá: "Connection timed out", ìyẹn ni pé ó dúró títí, kò rí èsì. Mo ti pa A àti B dà títí ẹnu skrúù fi jẹ. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ Àlàbá:
Jù ú nù, ra òmíràn. Kọ̀nfátà olówó pọ́ọ́kú kì í pẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ Àlàbá, ẹ jẹ́ ká yẹ aláìsàn wò ná ká tó gbẹ́ sàréè. Àbúrò, ẹ kú làálàá. Ẹ yọ mítà márùn-ún kúrò lára wáyà, ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan kù, èyí tó sún mọ́ kọ̀ǹpútà jù. Ẹ kọ àṣẹ tí ẹ tẹ̀ fún mbpoll síbí bó ṣe rí gan-an, ẹ má gé e kù. Iná kékeré méjì sì máa ń wà lára kọ̀nfátà, TX àti RX. Èwo ló ń ṣẹ́jú?

Oníná Òṣogbo:
Ẹ ṣé, mà. Mítà kan ló kù báyìí. TX ń ṣẹ́jú, RX kú pátápátá. Àṣẹ náà rèé:

mbpoll -m rtu -a 1 -t 3:float -r 1 -1 /dev/ttyUSB0

Ìyá Ìbejì:
Kọ̀nfátà yín kò jẹ̀bi. TX tó ń ṣẹ́jú, ìbéèrè ń jáde nìyẹn. RX tó kú, mítà ni kò fèsì. Mítà kì í sì í sọ pé "ẹ tún un sọ, kò yé mi". Ohun tí kò bá yé e, á kàn dákẹ́ sí i ni.

Ẹ wo àṣẹ yín, ẹ ò sọ ìyára, ẹ ò sọ parity, ìyẹn àmì kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wò bóyá ó dé pé. Téèyàn ò bá sọ, 19200 ni mbpoll máa lò, parity á sì jẹ́ even. SDM120 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde, 2400 ló ń gbọ́, láìsí parity. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà sí àgbàlagbà tó ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ èyí:

mbpoll -m rtu -a 1 -b 2400 -P none -t 3:float -B -r 1 -1 /dev/ttyUSB0

Ẹ má gbàgbé -B. Rẹ́jísítà (àpótí kékeré tí mítà ń kó nọ́ńbà sí) méjì ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jókòó lé nínú mítà yìí, apá tó wúwo ló ń ṣáájú. Láìsí -B, mítà á dáhùn, àmọ́ nọ́ńbà tí kò ní orí tí kò ní ìdí lẹ máa rí.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Kí n fi ti A àti B kún un, torí ó ti jẹ mí níyà rí. Okùn tí ìlànà RS485 pè ní A, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń kọ B sí i lára. Nítorí náà, A sí A kì í ṣe ẹ̀rí pé ó tọ̀nà. Pípa á dà kì í ba nǹkan jẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìyára tọ̀nà ná, kí ẹ tó pa wáyà dà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ẹ ṣe ń pa wáyà dà nígbà tí ìyára ò tíì tọ̀nà yẹn, ẹ lè ti kọjá ojú ibi tó tọ̀nà láìmọye ìgbà.

Oníná Òṣogbo:
Ó DÁHÙN! 230.2! Mo fi tẹ́sítà wọn iná, 230 ni òun náà sọ. Mo pa wáyà dà lẹ́ẹ̀kan bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, ni RX bá ṣẹ́jú.

Àmọ́ ayọ̀ náà ò pẹ́. Mo dá mítà márùn-ún yòókù padà, ó di "Invalid CRC". Tó bá yá, á tún padà sí "timed out".

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà:
Ẹ ò tíì yí àdírẹ́sì wọn, àbí? 1 ni gbogbo wọn ń jẹ́ láti ilé-iṣẹ́. Ẹ wọ ọjà, ẹ pariwo "Bàbá Ìbejì!", ọkùnrin mẹ́fà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: kí lẹ máa gbọ́? Báìtì méjì, òun ni CRC yẹn, ni mítà fi ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dé pé pérépéré. Ohùn mẹ́fà ti dàpọ̀, ìṣirò ò lè bára mu mọ́.

Ẹ so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ojú mítà mọ́lẹ̀ títí á fi wọ ibi ètò, ẹ fún wọn ní 1 títí dé 6, kí ẹ sì fi máákà kọ ọ́ sí ara mítà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀la lẹ máa gbàgbé. Báwo lẹ sì ṣe fa wáyà?

Oníná Òṣogbo:
Láti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wá sídìí kọ̀ǹpútà, bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà:
Rárá o. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ni kó rí: okùn kan, mítà tẹ̀lé mítà. Wáyà CAT5 tó lọ́ mọ́ra lẹ máa lò, ẹ má sì fi sínú páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà iná. Tó bá gùn, ẹ fi resistor 120 ohm sí ìparí méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tó fara kanra ní 2400 lè máà nílò rẹ̀.

Ará Àkúré:
Ẹ má bínú pé mo já lù yín. Tèmi ò tiẹ̀ ní ttyUSB0, orúkọ tí Linux fi ń pe ojú kọ̀nfátà. lsusb, àṣẹ tó ń to ohun tí a kì bọ USB, ń fi 1a86:7523 (nọ́ńbà kọ̀nfátà mi) hàn, àmọ́ ojú náà á yọ, á tún pòórá. Ubuntu 22.04 ni.

Ìyá Ìbejì:
brltty ló gbé e. Ètò tó ń jẹ́ kí àwọn afọ́jú fi ẹ̀rọ Braille ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni, ẹ̀rọ Braille kan ló ń ro pé ẹ kì bọ̀ ọ́. Bí kò bá sí ẹni tó nílò rẹ̀ nílé yín, sudo apt remove brltty, ẹ yọ kọ̀nfátà, ẹ tún un kì.

Ọmọ Àlàbá:
Ṣé a lè ka mítà prepaid báyìí? Èyí tí ilé-iṣẹ́ iná gbé wá?

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà:
Ti ilé-iṣẹ́ iná nìyẹn. Má fọwọ́ kan èdìdì rẹ̀, àbúrò, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Fi tìrẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí o máa ka ìyẹn.

Oníná Òṣogbo:
Ẹ̀yin àgbà, mo ti dé. Mo tún wáyà fà, mo fún wọn ní àdírẹ́sì, mo tẹ -a 1:6 àti -r 343 fún kWh, ìyẹn iye iná tí wọ́n ti lò. Márùn-ún fèsì, ìkẹta dákẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa wáyà dà! Nígbà tí mo tú u, ara rọ́bà wáyà ni skrúù dì mú, kò kan bàbà rárá. Mo bó o dáadáa, òun náà sọ̀rọ̀.

Mo pe ìyá ẹlẹ́ja wá, mo fi nọ́ńbà tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà wé ti ojú mítà. Wọ́n bára mu. Ó wò ó títí, ó ní kí n ṣí ti onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ òun náà, kóun rí iye tó ń lò.