Kí ló mú yín rà á gan-an? Kì í ṣe èyí tí ẹ sọ nílé o

Tíṣà Ìsánlú

Ẹ̀yin ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ kú ilé o. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín, ṣùgbọ́n èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Lóṣù kẹrin ọdún 2023, mo gbéra ní Ìsánlú nílẹ̀ Yàgbà, mo gba Mọ́pà lọ sí Kàbbà láti lọ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí "I pass my neighbour". Owó rẹ̀ wà nínú báàgì, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti pinnu pé n ó wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, n ó nájà dáadáa, ibi tí owó rẹ̀ bá ti wálẹ̀ jù ni n ó ti rà á.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ni mo ti rà á.

Ìyá tó ń tà á ò tilẹ̀ dárúkọ owó. Ó ní, "Tíṣà ni yín, àbí? Bàtà yín ló sọ fún mi." Ó bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀, mo ní Ìsánlú. "Háà! Yàgbà mà ni ìyá tó bí mi!" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbé mẹ́ta síwájú mi: ọ̀kan tó dà bíi pé atẹ́gùn lè gbé e lọ, ọ̀kan tí owó rẹ̀ tó ra ewúrẹ́ mélòó kan, àti ọ̀kan láàárín. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku orí ti àárín yẹn, ó da epo díẹ̀ sí i láti inú ìgò, ó wá na okùn rẹ̀ sí mi: "Ẹ fà á fúnra yín." Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Nígbà tí mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó bú ramúramù. Ọwọ́ mi ń rùn epo, àwọn ọmọdé tó wà lẹ́nu ọ̀nà pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ tán tó máa sọ pé òun ń lọ ṣọ́ọ̀bù kejì?

Nígbà tí mo délé, Ìyá Dọ̀tun bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ èyí ni mo rà. Mo ní kì í mu epo, mo ní irin rẹ̀ lágbára, mo ní ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n lọ́jà. Inú mọ́tò ni mo ti to gbogbo àwíjàre yẹn jọ, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mọ́pà. Kò sí ọ̀kan tó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń sanwó.

Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí iye ìjọba lórí rẹ̀ ò tó náírà 200 fò kọjá 500. Jẹnẹrétọ̀ mi di ọ̀ṣọ́ inú ilé.

Ó yá, ẹ sọ tiyín. Ìdí tí ẹ fi rà á gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Ìyá Onígàrí, Kàbbà

Tíṣà, ẹ̀rín pa mí! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti apá àwa tí à ń tà. Gàrí àti ẹ̀wà ni mo ń tà, ó lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí múdù, abọ́ tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan wà tí àtẹ wa kọjú síra, wọ́n ti lu ìdí múdù tirẹ̀ wọnú. Bí ẹ bá fojú wò ó, ẹ ò ní mọ̀. Àmọ́ tó bá wọ̀n tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e, á ní, "Èènì rẹ nìyí, ọmọ mi." Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ lọ.

Inú bí mi lọ́jọ́ ọjà kan, mo ní n ó ṣe òtítọ́. Mo gbé múdù tó péye, mo fi igi gbá ẹnu rẹ̀ dọ́gba, mo dín owó rẹ̀ kù, mo wá ní kò sí èènì. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹni mẹ́rin péré ló rà. Ọ̀kan nínú wọn ní mo ti ya ahun!

Lọ́jà tó tẹ̀ lé e, mo dá owó padà sí bó ṣe wà. Mo ń wọ̀n ọ́n kó má kún dé ẹnu, n ó wá máa bù ú lé e díẹ̀díẹ̀ lójú oníbàárà títí á fi ga bí òkìtì ọ̀gán. Múdù tó péye náà ni o, gàrí kan náà ni. Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti ká àpò. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, ẹnikẹ́ni ò wo múdù.

Tíṣà Ìsánlú

Ìyá wa, ẹ fi àmì ibi tí ẹnì kejì yẹn ń jókòó hàn wá o. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń ra gàrí.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Tèmi ò pani lẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá wa kú, èmi àti àbúrò mi ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí a máa ná sórí pósí. Àwọn bàbá wa kékeré méjì bá wa lọ sọ́dọ̀ káfíńtà. Káfíńtà ò polówó rárá. Ó kàn fọwọ́ lé èyí tó ń dán, ó ní, "Irú èyí ni wọ́n rà fún bàbá kan ládùúgbò yín lóṣù tó kọjá." Ó dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá kékeré wúkọ́. Ikọ́ yẹn gan-an ni mo sanwó fún. Owó kajú odidi ọdún kan ló bá a lọ, yẹ̀pẹ̀ sì ti bò ó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹnì kan á ní ayé òde òní ló fà á. Irọ́ ni. Ṣebí aṣọ ìpó wà ní Bùnú láti ìgbà láéláé, aṣọ pupa tí wọ́n máa ń hun, tí wọ́n á tú òwú pupa lára aṣọ òyìnbó kí wọ́n tó rí i hun, tí wọ́n fi ń sin àwọn olóyè. Ta ni wọ́n ń hun ún fún? Òkú ò lójú tó fi ń wo aṣọ.

Ọmọ Ìyàmoyè

Kúkúrú ni tèmi. Oṣù kejì 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó, tí à ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Nínú gbogbo àwọn oníṣu, obìnrin kan ṣoṣo ló gba tiransífà. Iṣu rẹ̀ kéré, ó tún wọ́n. Ó wo fóònù rẹ̀ títí, owó ò wọlé. Ó ní, "Máa gbé e lọ, ojú rẹ ò jọ ti olè."

Owó ti padà sáàárín ìlú tipẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ṣì ti ń ra iṣu. Iṣu rẹ̀ ṣì kéré.

Ọmọ Ìjùmú

Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu dídùn gba owó yín. Èmi máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó jáde nílé. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, n kì í rà á.

Ìyá Tóbi

Bàbá Tóbi, àgùntàn tí ẹ so mọ́ ẹ̀yìnkùlé yìí ńkọ́, ojú ewé wo ló wà?

Ìyá Ìbejì, Àyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹni tó ń ra mílíìkì onírọ́bà kékeré lójoojúmọ́ ò mọ ìṣirò, mo mọ̀ ọ́n o. Mo mọ̀ pé agolo ńlá ló dínwó. Mo rà á rí. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Àwọn ìbejì ń fi ṣíbí lá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aládùúgbò ní kí n bù fún òun díẹ̀, àna mi náà dé. Ti onírọ́bà, tí mo bá ti já a sínú tíì, ó tán, ìjà náà tán. Mo mọ ohun tí mo ń san owó lé e fún.

Tíṣà Ìsánlú

Ẹ ṣé é o, ọkàn mi ti balẹ̀ pé èmi nìkan kọ́. Jẹnẹrétọ̀ yẹn wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, a fi àpò ìrẹsì bò ó, adìẹ ti ń yé lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọkùnrin kan gbé sólà kékeré wá sí ọ́fíìsì wa ní ilé ìwé. Mo ti sọ fún ara mi pé n ò ní gbójú sókè. Mo ń máàkì ìwé lọ. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n ò ní kí ẹ rà á o. Ẹ kàn bá mi tẹ ibí yìí wò."

Mo tẹ̀ ẹ́. Iná tàn yòò.

Mo ṣì ń to ohun tí n ó sọ fún Ìyá Dọ̀tun jọ.