Epo ẹja fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́: kí lẹ̀ ń rí?

Àdùkẹ́ L.: Ẹ kú ilé o. Àwọn tí dókítà ti sọ fún pé ọkàn wọn kò lè ti ẹ̀jẹ̀ yíká ara dáadáa mọ́ ti ń ra epo ẹja gan-an báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí oògùn àti ìtọ́jú, kí lẹ̀ ń rí? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí wọ́n kàn ń náwó ni?

Apòògùn Mọ́kọ́lá: Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ìwádìí tó gbé ọ̀rọ̀ náà dúró ni GISSI-HF, tí wọ́n ṣe ní Ítálì, tó jáde ní 2008. Aláìsàn 6,975 ni. Ìdajì ń gbé kápúsù 1 gíráàmù mì lójúmọ́, ìdajì ń gbé èyí tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 4, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kú nínú àwọn tó lo epo, ìdá 29 nínú àwọn yòókù. Ìṣirò wọn ni pé ènìyàn 56 ní láti lò ó fún gbogbo àsìkò yẹn kí ẹnì kan tó bọ́ lọ́wọ́ ikú. Gbogbo wọn ló ṣì ń lo oògùn ọkàn wọn o. Orí oògùn ni wọ́n fi epo lé, wọn kò fi rọ́pò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gbogbo ilé oògùn.

Táíwò: Méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún? Ìyẹn ni gbogbo ariwo yìí?

Apòògùn Mọ́kọ́lá: Táíwò, nínú ìwádìí kan náà wọ́n dán rosuvastatin, oògùn tó ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù, wò, kò dín ikú kù rárá. Àwọn tó ti ń lo oògùn tó yẹ ni wọ́n tún rí méjì yẹn lé lórí. Mi ò ní pè é ní nǹkan ńlá, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní òfo. Ìlànà ìtọ́jú Amẹ́ríkà ti 2022 náà kò kọjá ibẹ̀: wọ́n ní ó lè bójú mu láti fi kún oògùn, ipele tí kò lágbára púpọ̀ ni wọ́n sì fi sí.

Kántà_Ọ̀sán: Ibi tí owó ti ń ṣòfò gan-an ni iwájú ìgò. Wọ́n á kọ 1000 mg gàdàgbà, oníbàárà á rò pé òun ti ń lo 1 gíráàmù tí wọ́n lò ní Ítálì. Ẹ yí ìgò náà sẹ́yìn. Ẹ wá EPA àti DHA, ọ̀rá omega-3 méjì tó ń ṣiṣẹ́ nínú epo ẹja, ẹ ro méjèèjì pọ̀. Kápúsù tó wọ́pọ̀ lọ́jà, EPA 180, DHA 120: 300 mg ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rá mìíràn ló kún ìyókù. Kápúsù ti ìwádìí yẹn ní 850 sí 882. Nítorí náà, mẹ́ta irú èyí tó wà lọ́jà ló ṣe déédéé ọ̀kan tiwọn. Ẹni tó bá ń lo ẹyọ kan lójúmọ́ ń lo ìdá kan nínú mẹ́ta. Èyí tí kò bá sì kọ iye EPA àti DHA sẹ́yìn, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Nọ́ńbà NAFDAC náà, ẹ wò ó.

Àdùkẹ́ L.: Háà! Mẹ́ta?

Kántà_Ọ̀sán: Mẹ́ta mà. Ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Kí wọ́n sì lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá, kì í ṣe omi lásán ní ìdájí. Púpọ̀ nínú epo tí wọ́n ti sẹ́ kí EPA àti DHA rẹ̀ lè pọ̀ ló wà ní irú tí wọ́n ń pè ní ethyl ester, ara kì í gbà á dáadáa bí inú bá ṣófo. Gígùfẹ̀ olóòórùn ẹja náà máa ń dín kù. Ẹ gé kápúsù kan kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bí epo dídín àtijọ́, ó ti bàjẹ́. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ ló ń bà á jẹ́, ìgò tó ń jókòó nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa rà.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Àwọn ará Ítálì yẹn, ẹni bí ọdún 67 ni wọ́n, nǹkan bí ìdajì wọn ló jẹ́ pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn ló dí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta, tó jáde ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á fún ìdá 78.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ orí wọn kò sì ju 57 lọ ní ìpíndọ́gba. Ta ló dán epo yìí wò fún irú wọn?

Apòògùn Mọ́kọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀, kí ó ná owó kápúsù sórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọkàn ná. Lisinopril, carvedilol, spironolactone, dapagliflozin: bí ọ̀kan nínú wọn bá ń já lóṣooṣù nítorí owó, epo kò gbọdọ̀ wọ inú àpò.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ibẹ̀ lẹ wá bá mi.

Akin_Peckham: Ẹ fi ti 4 gíráàmù sí i. Ìwádìí REDUCE-IT dín ewu àìsàn ọkàn kù pẹ̀lú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún!

Kántà_Ọ̀sán: Àbúrò, rọra. EPA nìkan ni ìyẹn, oògùn dókítà ni, fún àwọn tí triglyceride, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, wọn ga. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀ gan-an, wọn ò gbà á wọlé. Ìwádìí mìíràn, STRENGTH, dán 4 gíráàmù EPA àti DHA pọ̀ wò láàárín ènìyàn 13,078, wọ́n dá a dúró nígbà tí wọ́n rí i pé kò ní so èso.

Akin_Peckham: Epo àgbàdo ni STRENGTH fún apá kejì tí kò lo oògùn, REDUCE-IT lo epo inú ilẹ̀ tí wọ́n ti yọ́ mọ́ (mineral oil). Àwọn kan ní epo inú ilẹ̀ yẹn ló ṣe àwọn ẹni yẹn níṣe, tí ti EPA fi dà bí iṣẹ́ ìyanu.

Kántà_Ọ̀sán: Ìwọ náà ló tún wá já a fúnra rẹ.

Dókítà Àgbà: Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó ń dẹ́rù bà mí sílẹ̀. Bí ìwọ̀n epo tí ènìyàn ń lò bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tó ń lù ségesège ṣe ń pọ̀. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí méje pọ̀ ní 2021, ewu rẹ̀ fi ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ga lọ́dọ̀ àwọn tó lo ju 1 gíráàmù lọ lójúmọ́, ìdá 12 lọ́dọ̀ àwọn tó lo 1 gíráàmù tàbí kó dín. Ọkàn tó ti rẹ̀ ni ségesège máa ń dá dùbúlẹ̀, ó sì lè sọ ẹ̀jẹ̀ di dídì tó máa gòkè lọ sí ọpọlọ. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti àárín sí ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, ẹ ka ìlù fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń fò, tó ń yára, tó tún ń dúró láìní ìlànà, ẹ lọ ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó sọ̀rọ̀ epo fún dókítà kí wọ́n lè tún INR, àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì, yẹ̀ wò.

Táíwò: Ẹ ṣé sà. Ó ti yé mi ju méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Kí ló dé tẹ́ ò jẹ ẹja? Titus, ṣàwá, kótè, wọ́n wà lọ́jà.

Kántà_Ọ̀sán: Mà, ẹ ṣeun. 100 gíráàmù Titus lè ní ju 1 gíráàmù EPA àti DHA lọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti dára. Ẹ sè é tàbí kí ẹ yan án. Bẹ́ẹ bá dín in, epo tẹ́ ẹ fi dín in á wọlé, epo tirẹ̀ á jáde. Ẹja àrọ̀ inú adágún kò ní tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n fún un ló ń pinnu rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Pańla ńkọ́?

Apòògùn Mọ́kọ́lá: Ìbátan ẹja kọ́ọ̀dù (cod) ni, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rá wọn pamọ́ sí, ẹran ara wọn gbẹ. Ibẹ̀ ni epo ẹ̀dọ̀ ẹja ti wá, òun náà kì í ṣe ohun àmuyó: síbí tíì kan lè ní fítámì A tó 4,500 IU, òpin fún àgbàlagbà sì jẹ́ 10,000 lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi í dé 4 gíráàmù á mu nǹkan bí síbí márùn-ún, ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ ni yóò jìyà. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ da omi náà nù, ẹ yọwọ́ mágí nínú ọbẹ̀ yẹn. Iyọ̀ ló ń dá omi dúró sára. Kí aláìsàn gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá tọ̀ tán. Bó bá fi ju kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3, tàbí tó nílò ìrọ̀rí sí i kó tó lè mí lóru, ilé ìwòsàn ni o.

Àdùkẹ́ L.: Ṣé á máa lo oògùn ìtọ̀ rẹ̀ lọ bó bá ti bẹ̀rẹ̀ epo?

Nọ́ọ̀sì Bísí: Á máa lò ó. Epo ẹja kì í fa omi jáde lára.