Ìwé gbèdéke gbèsè ni, kì í ṣe ìwé ìpèlẹ́jọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ lórí ìbéèrè àbúrò wa tó ń ṣe ògbufọ̀ ní London, pé kí la fẹ́ máa pe statutory demand ní Yorùbá. Ìyẹn ìwé tí ẹni téèyàn jẹ lówó máa ń fi ránṣẹ́ ní England àti Wales pé san owó mi láàárín ọjọ́ 21, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá ní kí kóòtù kéde pé o ti wọko gbèsè. Ẹnì kan ní “ìwé ìpèlẹ́jọ́”, ẹnì kejì ní “ìbéèrè abófinmu”, ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Ìbàdàn ní ká kúkú jí ọ̀rọ̀ àtijọ́ dìde ká pè é ní “ìwé ológò”. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká pa “ìwé ìpèlẹ́jọ́” tì pátápátá, torí mo mọ ohun tí orúkọ yẹn fojú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí.

Lọ́dún 2019 ni wọ́n mú ìwé yẹn wá bá a nílé. Ó lé ní £7,000, owó káàdì báńkì kan tó ti pẹ́ gan-an, báńkì ti ta gbèsè náà fún àwọn kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ra gbèsè lówó pọ́ọ́kú kí wọ́n wá máa sin ín. Ó ka ìwé náà fún mi lórí fóònù, èmi tí wọ́n ní mo gbọ́ òyìnbó ni mo dá a lóhùn pé “Ìwé kóòtù ni, wọ́n ti pè yín lẹ́jọ́.” Ló bá jókòó, ó ń dúró de ọjọ́ tí kóòtù máa dá. Ta ló fẹ́ dá ọjọ́? Kò sí adájọ́ kankan tó mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Fọ́ọ̀mù ni, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá jẹ lówó lè jókòó sílé ẹ̀ kó kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ kóòtù. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ń lọ, torí ọjọ́ 18 péré lòfin fún èèyàn, látọjọ́ tí wọ́n bá ti fi ìwé lé e lọ́wọ́, láti ní kí kóòtù wọ́gi lé e. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún la tó mọ̀, ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń gba onígbèsè nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ tí mo fún ìwé yẹn ló jẹ ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ṣì ń dùn mí dòní.

“Ìbéèrè abófinmu” náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló ń fi ìbéèrè gba owó ẹ̀ ní Yorùbá? A máa ń sin gbèsè ni. “Abófinmu” tún wá burú jù ú lọ, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé òfin ti yẹ gbèsè náà wò, ó ti rí i pé òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí a fẹ́ lọ jà lé lórí gan-an nìyẹn.

“Ìwé ológò” ló wù mí jù, kí n sòótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kéré, ológò ni ẹni tí wọ́n máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè láyé ìgbà kan, á wọlé lọ, á jókòó sí gbàgede, á máa pariwo, á máa pa adìyẹ ilé jẹ, kò ní dìde títí wọ́n á fi san owó. Ìbẹ̀rù àti ìtìjú ni irin iṣẹ́ ẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì ni àwọn tó ń ra gbèsè ń fi ìwé yìí dá síni lára, ẹ̀gbọ́n wa ò parọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìwé yìí ò lè gbé àga kan kúrò nílé ẹnikẹ́ni. Bailiff tó ń wá kó ẹrù ló yẹ kó jogún “ológò”, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀ dè é. Ohun kejì, a máa nílò “ìdógò” nínú ọ̀rọ̀ yìí kan náà, torí ọ̀kan lára ìdí tí kóòtù fi lè wọ́gi lé ìwé ni pé ìdógò ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sin owó, tí ìdógò náà sì tó gbèsè tàbí ó jù ú lọ. Tá a bá wá pe ìwé gan-an ní ìwé ológò, wọ́n á ní a ti fi ilé dógò.

Èmi ní “ìwé gbèdéke gbèsè”. Wọ́n ń sọ gbèdéke lójoojúmọ́ lórí rédíò, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ọjọ́ ló ń sọ. Lọ́yà tó kọ̀wé láti Lagos lánàá sọ pé irú ẹ̀ wà nínú òfin ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà, CAMA 2020, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fún ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ ju ₦200,000 lọ. Orúkọ yìí á bá ìyẹn náà mu. Ní England, £5,000 ni gbèsè gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó lè torí ẹ̀ ní kí kóòtù kéde pé èèyàn ti wọko gbèsè.

Ó kù o. Ẹnì kan kọ ọ́ pé “kóòtù fagi lé gbèsè”. Rárá. Ìwé ni kóòtù ń wọ́gi lé, ọ̀rọ̀ gbèsè ṣì wà ńlẹ̀, ẹni tó ń sin ín ṣì lè gbé ẹjọ́ míì wá tó bá lẹ́rìí. Ẹ má sì jẹ́ ká máa túmọ̀ “substantial”, ọ̀rọ̀ tí òfin lò fún iyàn téèyàn ń jà lórí gbèsè, sí “ńlá”. Adájọ́ ò ní gbọ́ gbogbo ẹjọ́ lọ́jọ́ yẹn, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá iyàn tẹ́ ẹ ń jà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó tán. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní IAA àti ìwé ẹ̀rí lèèyàn á kọ láti ní kí kóòtù wọ́gi lé ìwé náà, kóòtù ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, tó bá sì ti wọ kóòtù báyìí, ọjọ́ 21 yẹn dúró. Ṣùgbọ́n tí adájọ́ bá kà á tí kò rí ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀, ó lè dà á nù láìpe ẹnikẹ́ni.

Lórí ẹni tí ò gba lọ́yà, ẹ ní “agbẹjọ́rò ara ẹni”. Agbẹjọ́rò, gbígbà ló gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò, báwo lèèyàn ṣe máa gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ara ẹ̀? “Arojọ́-ara-ẹ̀” ló tọ̀nà. Ẹni tó bá wá jókòó tì í, tí òyìnbó ń pè ní McKenzie friend látorí ẹjọ́ kan lọ́dún 1970, “alábàájókòó” ni. Ohun tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, mo ń kọ nǹkan sílẹ̀, mo ń sọ Yorùbá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i létí, mi ò lẹ́nu àtibá adájọ́ sọ̀rọ̀.

Èyí tó kàn mí jù ni “jẹ́wọ́” tẹ́ ẹ fi túmọ̀ “acknowledge”. Gbèsè káàdì, ọdún mẹ́fà ni òfin Limitation Act 1980 ti England fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n téèyàn bá san díẹ̀ níbẹ̀, tàbí tó fọwọ́ sí lẹ́tà pé òun jẹ ẹ́ kí ọdún mẹ́fà tó pé, kíkà tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ rò ó wò ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí a ṣe ń bẹ olówó. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láyè, owó yín ò ní sọnù.” Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn lójú tiwa, kò sẹ́ni tó máa pè é ní ìjẹ́wọ́, torí ọ̀daràn ló ń jẹ́wọ́. Lójú kóòtù, ó lè ti jẹ́wọ́. Nítorí náà, “gba gbèsè sọ́rùn” ni kí ògbufọ̀ lò, kó tètè yé ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà pé ohun tó fẹ́ ṣe nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí. Adájọ́ béèrè ọjọ́ tí ìwé ìkìlọ̀ báńkì jáde, 2011 ni, ó béèrè bóyá owó kankan wọlé lẹ́yìn ẹ̀, àwọn tó ń sin gbèsè ò rí nǹkan kan mú jáde, ló bá wọ́gi lé ìwé náà.

Ọ̀kan ṣì ń dà mí láàmú. Ẹnì kan pe irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ní “gbèsè tó ti kú”, kò sì kú, ó wà níbẹ̀, wọn ò kàn lè fi kóòtù gbà á mọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó tajà àwìn pẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi wọ́n, kí ni wọ́n ń pe owó tí onígbèsè kò tíì san ṣùgbọ́n tí ẹnu ò tún gbà á mọ́ láti sin ín?