Dreadnought 1/350 l'Ábẹ́òkúta: kí la ó kọ́kọ́ kùn, kí la ó fi sí ìkẹyìn?

Ará Ìbarà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mọ́dẹ́lì HMS Dreadnought, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fẹ́ tò, onírọ́bà, ìwọ̀n 1/350 (ìdá kan nínú 350 ọkọ̀ gidi), pẹ̀lú idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n gé réèlì àti àkàbà sí lára. Bí ọkọ̀ náà ṣe rí ní 1907 ni mo fẹ́ kó rí. Ìwé inú páálí ní kí n to gbogbo rẹ̀ tán kí n tó kùn ún, ṣùgbọ́n bí ilé ìbọn àti ọ̀pá èéfín bá ti jókòó, ọ̀dà ò ní ráyè dé abẹ́ wọn mọ́. Báwo lẹ ṣe máa ń tò ó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ti fánìṣì tó ń funfun lákòókò òjò pẹ̀lú, àti ohun tí èèyàn lè fi ṣe okùn òpó tí kò ní dẹ̀. Airbrush 0.3 (ohun èlò tó ń fi afẹ́fẹ́ fun ọ̀dà) àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré ni mo ní.

Ọ̀gá Ẹ̀mú
Ìwé yẹn, ẹ má tẹ̀ lé e. Dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ilẹ̀ orí ọkọ̀, ni ojú máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí lára ọkọ̀ ogun, orí dẹ́ẹ̀kì yẹn náà sì ni ohun gbogbo jókòó lé. Ẹ pín iṣẹ́ sí mẹ́rin: ikùn ọkọ̀ pẹ̀lú dẹ́ẹ̀kì, ilé ìbọn márààrún, àwọn ilé orí dẹ́ẹ̀kì pẹ̀lú ọ̀pá èéfín méjèèjì, lẹ́yìn náà òpó àti àwọn ọkọ̀ kékeré. Ẹ kun ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kó tó di pé ẹ so wọ́n pọ̀. Ibi tí gúlù máa kàn, ẹ fi tépù bò ó kí ọ̀dà má dé ibẹ̀, torí gúlù tó bá di ọ̀dà mú, ọ̀dà náà ló máa bá ṣí.

Ọkọ̀ gidi gùn ní mítà 160.6, nítorí náà tiyín á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 46, fífẹ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ bíi 7. Rọ́bà tó gùn tó báyìí máa ń tẹ̀ díẹ̀ nínú páálí. Ẹ gbé dẹ́ẹ̀kì lé ikùn láì fi gúlù sí i ná. Bí ẹ̀gbẹ́ ikùn bá ń fún dẹ́ẹ̀kì, ẹ gé férémù rọ́bà tó ṣẹ́ kù (èyí tí àwọn ẹ̀yà mọ́dẹ́lì so mọ́ nínú páálí), kí ẹ fi ṣe ìdábùú mẹ́ta tó máa tì í síta. Bí ó bá ń là, ẹ fi rọ́bá bándì dè é títí gúlù á fi gbẹ, wákàtí 24. Àlàfo tó bá ṣẹ́ kù, súpà gúlù tí ẹ pò mọ́ pàúdà ọmọdé ló dára jù láti fi dí i. Kí wákàtí kan tó pé ni kí ẹ ti fi sáńpépà olómi 400, lẹ́yìn náà 800, ha á. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti le ju rọ́bà lọ: rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ máa ha jẹ.

Idẹ: ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi ọtí kíkan nù ún, kí ẹ sì fun práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) àti ọ̀dà sí i nígbà tó ṣì wà lára férémù rẹ̀. Orí táìlì ni kí ẹ ti gé e, pẹ̀lú abẹ tuntun; bí ẹ bá gé e lórí pákó, ó máa ká. Réèlì tó ga ní mítà kan kò ju mìlímítà 3 lọ ní ìwọ̀n yìí, torí náà ẹ̀kán gúlù tó bá tó orí abẹ́rẹ́ ti pọ̀ jù. Gúlù funfun àwọn kápẹ́ńtà ni kí ẹ lò fún réèlì. Ó ń jẹ́ kí èèyàn ráyè tún un tò, kì í sì í ru èéfín funfun sára ọ̀dà bíi súpà gúlù. Gígùn sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 lẹ́ẹ̀kan ti tó.

Pẹ́ńtà Láfẹ́nwá
Ẹ jẹ́ kí n gba ti fánìṣì. Ohun tó ń mú un funfun ni pé tínà tó ń gbẹ kúrò níbẹ̀ ń mú kí ojú ọ̀dà tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á wá di omi lé e lórí, á sì há sínú rẹ̀. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, ẹ má fun fánìṣì láàárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn òjò. Láàárín aago 12 sí aago 3, lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ, ni kí ẹ ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fun díẹ̀ sára férémù tí ẹ ti gé dànù, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 wò ó. Bí ó bá ń funfun, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá ti funfun tẹ́lẹ̀, ẹ dúró de ọjọ́ tó gbẹ, kí ẹ fun fánìṣì dídán díẹ̀ tó ní tínà dáadáa lé e. Ó sábà máa ń mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀dà á ti gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ara ọkọ̀, ojú rẹ̀ á wá rí bíi sáńpépà. Ẹ fi tínà kún un, ẹ sún mọ́ ọn dé sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, kí ẹ sì dín agbára afẹ́fẹ́ kù sí 15 psi. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yàrá kí eruku má dìde.

Ará Ìbarà
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé tínà àwọn pẹ́ńtà mọ́tò ṣeé lò? Àbí kẹrosíìnì fún ọ̀dà ẹ̀námẹ́ẹ̀lì?

Pẹ́ńtà Láfẹ́nwá
Tínà mọ́tò ń jẹ rọ́bà. Ẹ fi fọ airbrush, ó pé bẹ́ẹ̀. Kẹrosíìnì máa ń fi òróró sílẹ̀, ọ̀dà tó bá sì gun òróró lórí kì í di í mú. Tọ́pẹ́ńtáìnì ni kí ẹ lò.

Ìyá Olówùú
Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ okùn ló kàn mí. Náílọ́nù ìpẹja máa ń mu ọ̀rinrin, ó ń gùn, ó ń dẹ̀; lọ́dún òjò tó pọ̀, gbogbo òpó ni yóò rọ̀. Ohun méjì ló ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni férémù rọ́bà kan náà: ẹ yí i po lókè iná àbẹ́là, ẹ má jẹ́ kí iná kàn án. Bí ó bá ti ń dán tó sì rọ̀, ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ẹ tó fà á. Ẹ fà á kíá, á tinrin. Ẹ fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á nípọn. Bí ó bá dẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó, ẹ gbé tùràrí tó ń jó sún mọ́ ọn láì kàn án, ooru á tún un fà. Ìkejì ni irun àtàṣímẹ́ǹtì dúdú tí wọ́n ń tà ní Kútọ̀. Fọ́nrán kan ṣoṣo ni kí ẹ yọ. Okùn irin tó nípọn ní mìlímítà 20 lára ọkọ̀ gidi kò tó mìlímítà 0.06 níbí, òwú ìránṣọ á sì rí bí ìjàrá.

Òwú ìránṣọ ní ibi tirẹ̀ ṣá. Ní 1907, àwọ̀n tí wọ́n fi ń dènà tọ̀pídò wà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yìí, wọ́n á ká a jọ sétí dẹ́ẹ̀kì nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Ẹ fọ́n òwú méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ títí á fi tó nǹkan bíi mìlímítà 1, ẹ rì í sínú gúlù funfun tí ẹ ti fi omi là kí irun ara rẹ̀ lè sùn, kí ẹ sì tẹ́ ẹ bó ṣe ń gbẹ lọ. Kí réèlì tó dé ibẹ̀ ni o.

Akọ̀wé Èbúté
Àfikún kan nípa àwọ̀. Àwọn kan máa ń kun ọkọ̀ yìí ní ikùn dúdú, òkè funfun àti ọ̀pá èéfín aláwọ̀ ìyeyè. Àwọ̀ ayé Fikitóríà nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti yí ọkọ̀ wọn sí àwọ̀ eérú ní nǹkan bíi 1903, Dreadnought kò sì bọ́ sómi títí di oṣù kejì 1906. Ẹ fi funfun díẹ̀ sí eérú náà, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, torí àwọ̀ ọkọ̀ gidi máa ń dúdú jù lára ohun kékeré. Dẹ́ẹ̀kì jẹ́ pákó tí wọ́n ń fi òkúta fọ̀, kò pọ́n, kò sì dúdú: àwọ̀ yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ lò, lẹ́yìn náà kí ẹ da ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi lé e lórí. Fánìṣì dídán ni kó kọ́kọ́ lọ sábẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dá àbàwọ́n.

Ẹ ṣàkíyèsí òpó iwájú: ẹ̀yìn ọ̀pá èéfín àkọ́kọ́ ló wà. Wọ́n gbé e síbẹ̀ kó lè ru ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ kékeré sókè sódò, èéfín àti ooru sì ń lu àwọn tó wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí dúdú èéfín pọ̀ sí, láti orí òpó dé ìdajì rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ti òpó ẹ̀yìn.

Ọ̀gá Ẹ̀mú
Òótọ́ ni. Mo gbàgbé ẹnu ìbọn: mẹ́wàá ni, íńṣì 12, ihò rẹ̀ á jẹ́ bíi mìlímítà 0.87 níbí. Ẹ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ sàmì sí àárín kí ẹ tó fi ìlu 0.8 lu ú. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, torí ti oníná máa ń yọ́ rọ́bà. Kí ẹ lu gbogbo wọn kí práímà tó kàn wọ́n.