Ta ló ti ṣe àyẹ̀wò jẹ́nóòmù kíákíá fún ọmọ tuntun, tí bàbá ọmọ wà ní Nàìjíríà?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ tí àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun tó ń ṣàìsàn líle níbí ní England. Gìrì ń gbé e ṣáá, oògùn kò ká a, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Bí gìrì náà bá ti dé, ètè rẹ̀ á dúdú, àtàǹpàkò rẹ̀ á ká sínú ọwọ́.

Àwọn dókítà fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú Exeter, níbi tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ti ń ka gbogbo jẹ́nóòmù ọmọ (ìyẹn gbogbo àbùdá tó wà nínú ara rẹ̀) láàárín ọjọ́ díẹ̀ láti ọdún 2022. Wọ́n ní ó dára kí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti bàbá bá a lọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ jogún àṣìṣe tí wọ́n bá rí nínú àbùdá rẹ̀ ni, àbí ara rẹ̀ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ọkọ àbúrò mi wà, físà rẹ̀ kò tíì jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti fi ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ bàbá ránṣẹ́ láti Nàìjíríà rí? Ta ló bá yín gbà á? Àbí tìyá nìkan tó? Jẹ́nóòmù àwa aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣàfiwé. Bí èsì yín kò bá yanjú, kí lẹ ṣe?

Irú gìrì kan wà tó jẹ́ fítámì B6 nìkan ló ń dá a dúró, àyẹ̀wò yìí sì lè fi hàn bóyá òun ló ń ṣe ọmọ náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè káwọ́ gbera.