Ọjọ́ tí wọ́n yọ èrè kúrò lára ṣíà mi

Láti Kàbà:
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo gbọ́ pé bánkì kan fẹ́ pín èrè náírà 2 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpín ẹni nínú ilé-iṣẹ́, náírà 20 sì ni wọ́n ń ta ṣíà kan. Mo kó 100,000 náírà tí mo rí lórí kajú, mo ra ṣíà 5,000 kí wọ́n tó ti ìwé orúkọ àwọn tó máa gba èrè. Èrò mi ni pé n óò gba 10,000 mi, n óò sì ta ṣíà náà ní iye tí mo rà á. Nígbà tó yá, mo ṣí fóònù láàárọ̀, mo bá a ní náírà 18. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi. Mo pe alágbàtà tó ń bá mi ra ṣíà, díẹ̀ ló kù kí n pè é lólè.

Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Oko kajú tí èso ṣì wà lórí igi, ṣé iye yẹn náà lẹ máa rà á tí olóko bá ti ká èso tán?" Ẹni tó ra ṣíà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò ní í bá wa gba èrè, ìdí nìyẹn tí náírà 2 fi kúrò lára rẹ̀. 9,000 ló wá tẹ̀ mí lọ́wọ́ o, torí wọ́n yọ owó orí, ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Láti Ìsánlú:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ọjọ́ ìkéde èrè ni tèmi. Ilé-iṣẹ́ kan fi kún èrè tó fẹ́ pín ju ti èṣí lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú ṣíà náà ti gbówó lórí. Ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ pé owó wà nílẹ̀.

Láti Ọ̀wọ̀rọ̀:
Ẹ̀gbẹ́ Obajana ni mo ń gbé. Nígbà tí Dangote Cement ra ṣíà ara rẹ̀ padà ní ìparí 2020, mo rò pé iye rẹ̀ á fò sókè nítorí ìyẹn nìkan. Ìdá 0.24 nínú 100 gbogbo ṣíà rẹ̀ péré ni wọ́n rà! Wọ́n tún rà ní January 2022. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń pín iṣu, tí a sanwó fún ẹnì kan kó yẹra, ti ẹni mẹ́sàn-án tó kù á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àpò gbogbo wa ni owó rẹ̀ ti jáde. Bí iye tí a san fún un bá ti pọ̀ jù, àwa tó kù la pàdánù. Iye tí wọ́n fi ra ṣíà padà ni mo máa ń wò báyìí.

Láti Kàbà:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣíà 5,000 náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.